Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀



A fẹ́ fi ìbéèrè kan bẹ̀rẹ̀. Bí akéde bá lu agogo ní abúlé yín lálẹ́ òní, tí ó ní, "Omi ń bọ̀, ẹ sá kúrò nílé," ṣé ẹ óò sá? Ẹ má tètè dáhùn. Ẹ kọ́kọ́ rò ó wò. Ilẹ̀ ti ṣú. Àwọn ọmọ ti sùn. Àgbàdo ọdún yìí wà nínú àká. Ewúrẹ́ wà ní ẹ̀yìnkùlé. Òjò kò tilẹ̀ rọ̀ níbi tí ẹ wà. Ta ló rán akéde náà? Níbo ni kí ẹ sá lọ?

Àwọn àgbà wa ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìtàn tí a fẹ́ sọ yìí jẹ́ ti àwọn ènìyàn tí ó gbọ́ ogun tẹ́lẹ̀, tí ogun náà sì pa wọ́n. Wọn kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wọn, kí a sì wo ohun tí àwọn ọmọ wọn ṣe lẹ́yìn náà.

Ilẹ̀ tí ó bá òkun dọ́gba

Ní ìlà oòrùn orílẹ̀-èdè Íńdíà, ilẹ̀ kan wà tí à ń pè ní Bangladẹ́ṣì. Ilẹ̀ náà tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Àwọn odò ńláńlá gba ibẹ̀ wọ inú òkun. Ẹrẹ̀ tí àwọn odò náà ń gbé wá ló di erékùṣù káàkiri etí òkun. Ilẹ̀ ẹrẹ̀ yìí lọ́ràá. Ìrẹsì ń ṣe dáadáa níbẹ̀, ẹja sì pọ̀. Nítorí náà ni àwọn tálákà ṣe ń lọ tẹ̀dó síbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òkun dọ́gba. Àwọn ará Ganvié àti Aguégué mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: ẹni tí omi ń bọ́ kì í fẹ́ jìnnà sí omi.

Ṣùgbọ́n ìjì ńlá a máa jà ní òkun yẹn. Ó ń yí po bí ààjà, ṣùgbọ́n ó tóbi ju ààjà lọ fíìfíì. Ó lè bo ilẹ̀ tí ó gùn ju láti Àjàṣẹ́ dé Sàbẹ̀ẹ́ lọ. Bí ó ti ń bọ̀, ó ń ti omi òkun síwájú wọ orí ilẹ̀. Atẹ́gùn rẹ̀ burú, ṣùgbọ́n omi ni ó ń pa ènìyàn jù.

Òru ọjọ́ kan ní ọdún 1970

Ní ọdún 1970, Bangladẹ́ṣì kò tíì dá dúró. Apá ìlà oòrùn orílẹ̀-èdè Pakistánì ni. Àwọn aláṣẹ ńlá ń gbé ní apá ìwọ̀ oòrùn. Ilẹ̀ Íńdíà wà láàrin apá méjèèjì, ó sì ju 1,500 kìlómítà lọ. Èdè tí àwọn aláṣẹ náà ń sọ kì í ṣe èdè àwọn ará ìlà oòrùn.

Ní òru ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún náà, ìjì ńlá kan kọlu etí òkun àti erékùṣù Bhola. Àkókò tí òkun ń kún ni ó bọ́ sí. Omi dìde bí ògiri. Ní ibi púpọ̀, ó ga tó mítà 6, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gba orí ilé kọjá. Ó kó ènìyàn, ó kó màlúù, ó kó ìrẹsì tí ó ti gbó lóko. Ní àdúgbò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Tazumuddin, nǹkan bí 167,000 ènìyàn ló ń gbé ibẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tí omi gbé lọ.

Lápapọ̀, àwọn tí ó kú kò dín ní 300,000. Àwọn mìíràn ní wọ́n tó 500,000. Nínú gbogbo ìjì irú rẹ̀ tí a ní àkọsílẹ̀ wọn, kò sí èyí tí ó pa ènìyàn tó o.

Ẹ lè sọ pé, "Ó jọ pé wọn kò mọ̀ pé ó ń bọ̀ ni." Rárá o. Lẹ́yìn ìjì náà, àwọn olùwádìí lọ bi àwọn tí ó ṣẹ́kù léèrè. Wọ́n rí i pé nínú ènìyàn 100, bí 90 ló ti gbọ́ pé ìjì ń bọ̀. Ṣùgbọ́n nínú 100 yẹn, bí ẹnì kan péré ló sá lọ sí ilé tí ó lágbára.

Ẹ tún un kà: aádọ́rùn-ún gbọ́, ẹnì kan sá.

Kí ló dé tí wọn kò sá?

Ìdí mẹ́rin la lè tọ́ka sí.

Èkíní ni pé ìkìlọ̀ náà kò yé wọn. Rádíò ń pe àmì àti nọ́ńbà. Àgbẹ̀ àti apẹja kò mọ̀ bóyá nọ́ńbà náà ní kí wọ́n di àwọ̀n wọn mọ́lẹ̀ ni, tàbí kí wọ́n gbé ọmọ wọn sá lọ.

Èkejì ni pé ní oṣù tí ó ṣáájú, a ti kìlọ̀ fún wọn nípa ìjì mìíràn. Ìjì yẹn dé, ṣùgbọ́n kò ṣe wọ́n bí a ti wí. Ẹni tí ó bá gbé ẹrù sá lẹ́ẹ̀kan, tí kò rí nǹkan kan, yóò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó tún sá.

Ẹ̀kẹta ni pé wọn kò ní ibi tí wọn yóò sá sí. Ilé koríko àti ilé oparun ni ilé púpọ̀ jù lọ. Òkè kò sí. Bí a bá ní kí ènìyàn sá, tí a kò fi ibi ìsádi hàn án, kí ni a wí fún un?

Ẹ̀kẹrin ni pé àwọn tí ń kìlọ̀ náà jìnnà sí wọn. Ohùn inú rádíò kì í ṣe ohùn ẹni tí wọ́n mọ̀. Àwọn aláṣẹ kì í wá sí erékùṣù wọn ní ọjọ́ tí ó dára. Báwo ni wọn yóò ṣe gbà wọ́n gbọ́ ní ọjọ́ burúkú?

Ohun tí ó tẹ̀lé e tún ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Ìrànwọ́ ìjọba pẹ́ kí ó tó dé. Òkú wà nílẹ̀, ebi ń pa àwọn tí ó yè. Inú bí àwọn ènìyàn sí ìjọba Ààrẹ Yahya Khan gidigidi. Oṣù kan kò tíì pé lẹ́yìn ìjì náà tí wọ́n fi dìbò, ní ọjọ́ 7 oṣù kejìlá. Ẹgbẹ́ òṣèlú Sheikh Mujibur Rahman, tí ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn ará ìlà oòrùn, gba àga 160 nínú 162 tí ó wà fún apá wọn. Àwọn aláṣẹ kò fẹ́ gbé ìjọba fún wọn. Ogun dé ní ọdún 1971. Ní ìparí ọdún yẹn, Bangladẹ́ṣì di orílẹ̀-èdè tirẹ̀. Ìjì nìkan kọ́ ló fa ogun náà, nítorí ìjà ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n ìjì náà fi han gbogbo ènìyàn pé àwọn aláṣẹ kò ka ẹ̀mí wọn sí.

Àwọn tí ń gbé ìkìlọ̀ kiri

Ní ọdún 1972, Ẹgbẹ́ Àgbélébùú Pupa, tí àwọn Faransé ń pè ní Croix-Rouge, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun kan ní etí òkun náà. Ìjọba tuntun náà sì dara pọ̀ mọ́ ọn. Wọn kò gbé ìkìlọ̀ lé rádíò nìkan lọ́wọ́ mọ́. Wọ́n yan ènìyàn láti inú abúlé kọ̀ọ̀kan: àgbẹ̀, apẹja, olùkọ́, oníṣòwò kékeré. Wọn kì í san owó oṣù fún wọn. Wọ́n kọ́ wọn bí a ti ń kìlọ̀, bí a ti ń kó ènìyàn lọ síbi ààbò, bí a ti ń yọ ẹni tí omi gbé, bí a ti ń tọ́jú ẹni tí ó fara pa, àti bí a ti ń pín ohun ìrànwọ́.

Bí ìjì bá ń bọ̀, wọn a gbọ́ ọ láti orí rádíò tiwọn. Wọn a ta àsíá sókè: àsíá kan, ẹ múra, àsíá méjì, ewu ti sún mọ́ tòsí, àsíá mẹ́ta, ewu ńlá dé. Wọn a gun kẹ̀kẹ́, wọn a fi gbohùngbohùn kéde láti ilé dé ilé, ní èdè tí gbogbo ènìyàn ń sọ. Ẹni tí kò lè rìn, wọn a gbé e. Ṣé ẹ rántí arọ inú òwe wa? Bí arọ bá gbọ́n títí, ó ṣì nílò ẹni tí yóò gbé e.

Wọ́n tún mọ òkìtì ilẹ̀ gíga, kí ẹran ọ̀sìn lè rí ibi gùn. Èyí bọ́gbọ́n mu púpọ̀. Ẹni tí màlúù rẹ̀ kan ṣoṣo jẹ́ gbogbo ọrọ̀ rẹ̀ kò ní fi í sílẹ̀ sá lọ.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò pé lọ́jọ́ kan. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 1991, ìjì ńlá mìíràn dé. Ìkìlọ̀ dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àkókò. Síbẹ̀, nǹkan bí 138,000 ènìyàn ló kú. Ilé ìsádi kò tó. Àwọn kan bẹ̀rù olè, wọn kò fẹ́ fi ilé sílẹ̀. Àwọn obìnrin ló kú jù, pẹ̀lú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Àwọn kan nínú wọn ń dúró de ọkọ wọn kí wọ́n tó jáde. Àwọn mìíràn ń tijú láti sùn láàrin àwọn ọkùnrin tí wọn kò mọ̀.

Àwọn ará Bangladẹ́ṣì kò ní kí a pa iṣẹ́ náà tì. Wọ́n bi ara wọn léèrè ohun tí ó kù. Wọ́n kọ́ ilé ìsádi púpọ̀ sí i. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ tí ó dára. Ọmọ ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí náà ìyá rẹ̀ mọ ọ̀nà ibẹ̀ lóru. Wọ́n ya yàrá sọ́tọ̀ fún àwọn obìnrin. Wọ́n gba àwọn obìnrin sínú iṣẹ́ ìkìlọ̀. Lónìí, àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà ti ju 70,000 lọ, ìdajì wọn sì jẹ́ obìnrin.

Ẹ wo èso rẹ̀. Ní ọdún 2007, ìjì kan tí ó le púpọ̀, tí wọ́n pè ní Sidr, kọlu ilẹ̀ náà. Àwọn tí ó kú jẹ́ nǹkan bí 3,400. Ní ọdún 2020, ìjì Amphan dé. Ó ju mílíọ̀nù méjì ènìyàn lọ tí wọ́n kó lọ síbi ààbò. Àwọn tí ó kú ní Bangladẹ́ṣì kò tó 50. Ẹ̀mí kan kì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ fi 50 wé 300,000. Òkun kò yí padà, ilẹ̀ kò ga sí i. Ohun tí ó yí padà ni pé ìkìlọ̀ ń ti ẹnu ẹni tí wọ́n mọ̀ jáde, ibi ìsádi sì wà.

Àwa náà ńkọ́?

Ní ilẹ̀ wa, ìjì òkun bẹ́ẹ̀ kì í jà. Ṣùgbọ́n omi mọ ọ̀nà ilé wa. Ní ọdún 2010, odò Wèmè àti àwọn odò mìíràn kún bo ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Nínú kọ́múùnù 77 tí ó wà, 55 ni omi náà dé. Àwọn tí ó fara gbá a ju 600,000 lọ, àwọn tí ó kú sì lé ní 40.

Lórí odò Mónò, àwọn ará wa Ifẹ̀ ní agbègbè Atakpamé mọ ìdènà omi Nangbéto tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1987. Bí omi bá kún un jù, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, omi yóò sì ṣàn lọ bá àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ ní Tógò àti ní Bẹ̀nẹ̀. Nítorí èyí, Ẹgbẹ́ Àgbélébùú Pupa ri òpó sí etí odò, wọ́n sì fi ọ̀dà kùn ún. Bí omi bá wà ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé, kò séwu. Bí ó bá dé ọ̀dà aláwọ̀ ìyeyè, ẹ múra. Bí ó bá dé ọ̀dà pupa, ẹ sá. Ọmọ abúlé ló ń wo òpó náà, tí ó sì ń sọ fún àwọn ará ilé. Ẹni tí kò mọ̀wé pàápàá lè kà á.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ìgbẹ́kẹ̀lé kì í ṣe ohun tí aláṣẹ lè fi àṣẹ gbà. Bí a ti ń gbin ọ̀pẹ ni a ń gbìn ín, kì í so ní ọjọ́ tí a gbìn ín. Aláṣẹ tí ó fẹ́ kí a gbọ́ òun ní ọjọ́ burúkú, kí ó máa bẹ̀ wá wò ní ọjọ́ tí ó dára. Kí ó sọ òótọ́ fún wa, kí ó sì wá ṣàlàyé bí ìkìlọ̀ rẹ̀ kò bá ṣẹ. Àwa náà, kí a má ṣe ká ọwọ́ gbera kí a máa retí ìjọba. Ọdún mélòó ni àwọn àgbẹ̀ àti apẹja Bangladẹ́ṣì fi gun kẹ̀kẹ́ wọn láìgba owó!

Kí ẹ tó pa ìwé yìí dé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́rin. Bí omi tàbí iná bá dé, ta ni yóò wá sọ fún mi, ṣé mo sì gbà á gbọ́? Ṣé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò yé ìyá mi àgbà? Níbo ni a ó sá lọ, ṣé àwọn ọmọ mọ ọ̀nà ibẹ̀? Ta ni yóò gbé arọ, aláboyún àti arúgbó àdúgbò wa?

Bí ẹ kò bá rí ìdáhùn sí ọ̀kan, ẹ gbé e lọ sí ìpàdé abúlé. Ẹ bi olórí abúlé àti àwọn ará mẹ́rì. Kí ẹ bèèrè nísinsìnyí tí ilẹ̀ gbẹ.