Kòkòrò tàbí ọdẹ? Orúkọ virus nínú ilé kan ní Àjàṣẹ́

Nínú ìwé ìwádìí rẹ̀ ti 1984 ni Fred Cohen ti lo ọ̀rọ̀ virus fún ètò kọ̀ǹpútà tó ń ran òmíràn. Nílé wa, kòkòrò ni; màmá mi sì ní kí n ra oògùn ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo fún kọ̀ǹpútà ilé. Ibẹ̀ ni orúkọ ti ń ṣini lọ́nà. Inú díìsìkì ni Brain ti Lahore (1986) ń gbà ràn. ILOVEYOU (2000) gba inú íméèlì. Antivirus tí kò gba àtúnṣe kò lè dá tuntun mọ̀. Mo yan Defender, tó ti ń bá Windows 8 wá lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2012. Owó antivirus mìíràn, mo fi ra dátà àtúnṣe. Mo sọ ọ́ ní ọdẹ fún màmá. Ní báyìí, wọ́n á bèèrè bóyá ọdẹ ti jẹun kí wọ́n tó pa ẹ̀rọ.