Àmì Ohùn àti Ẹ̀rọ Akàwé: Bí Ìwé Yorùbá Ṣe Ń Dé Etí Ará Gúúsù Èkìtì

Kí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tó bẹ̀rẹ̀ ní 1955, etí ni ọ̀pọ̀ ará Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Emùré fi ń gba ìwé, nítorí ẹni tó mọ̀wé ló máa ń ka Bíbélì Yorùbá, tí a tẹ̀ jáde lódindi ní 1884, sókè fún àwọn yòókù. Bí ìwé kò bá tilẹ̀ ní àmì ohùn tó pé, òǹkàwé gbọ́ èdè, ó sì ń fi ẹnu ara rẹ̀ dí àlàfo náà.

Ẹ̀rọ kò ní irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ ti wà báyìí: NVDA, tí Michael Curran bẹ̀rẹ̀ ní Australia ní 2006, ń ka ojú kọ̀ǹpútà fún àwọn tí kò ríran; Calibre, tí Kovid Goyal bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kan náà, ń ṣí ìwé orí ẹ̀rọ, ó lè kà á sókè, ó sì ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kun gbólóhùn ní àwọ̀ tàbí kí ó kọ àlàyé tì í. Ṣùgbọ́n nínú Unicode, ìlànà àgbáyé tí ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, «ẹ» ní nọ́ńbà tirẹ̀, àmì òkè orí rẹ̀ sì gba nọ́ńbà mìíràn, tó bẹ́ẹ̀ tí àmì náà fi lè sọnù kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ òǹkàwé.

Ọdẹ́túnjí Ọdẹ́jọbí ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ifẹ̀, àti Túndé Adégbọlá ní Ìbàdàn ti ṣe iṣẹ́ ìwádìí lórí bí ẹ̀rọ yóò ṣe pe ohùn Yorùbá bó ti yẹ. Ní 2023, ilé-iṣẹ́ Meta gbé ẹ̀rọ tí ń ka ìwé sókè jáde fún èdè tó lé ní 1,100, Yorùbá pẹ̀lú, èyí tí a fi Májẹ̀mú Tuntun tí a kà sókè kọ́.

Síbẹ̀, Yorùbá àjùmọ̀lò ni àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ń sọ. Ará Èkìtì ń pe ilé ní «ulé», fáwẹ̀lì àìránmúpè rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́sàn-án, nígbà tí àkọtọ́ ní lẹ́tà fún méje péré. Nítorí náà, iṣẹ́ ńlá wà níwájú àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Ìkẹ́rẹ́: kí wọ́n máa tẹ ìwé pẹ̀lú àmì ohùn pípé, kí wọ́n sì gba ohùn àwọn àgbà Èkìtì sílẹ̀, nítorí ohun tí a kò bá kọ, ẹ̀rọ kò lè kà á fún ẹni tí etí nìkan ni ọ̀nà rẹ̀ sí ìmọ̀.