Láti "Fà" sí "Tì": Ìtàn Ìmọ̀ tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀rọ Ìfami tí Kò Gbé Omi Mọ́

Ìfáárà

Ní ọ̀gbẹlẹ̀ kan, ẹ̀rọ ìfami tí mo fi ń bomi rin tòmátì lẹ́yìn ilé bẹ̀rẹ̀ sí í dà mí láàmú. Màá bu omi kún ikùn rẹ̀, màá tan án, omi á tú jáde; kò ní pẹ́ tí yóò tún máa dún lásán. Atúnẹ̀rọṣe ní ó ti gbó, kí n ra tuntun. Mo rà á, ohun kan náà ló ṣe. Ebè méjì ti gbẹ kí a tó rí i pé rọ́bà tó lọ sínú kànga ti sán níbi tó ti so mọ́ ẹ̀rọ. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, omi kì í kán níbẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó wo ibẹ̀.

Èrò iṣẹ́ yìí ni pé ọ̀rọ̀ tí a fi ń ronú wà lára ohun tó ṣì wá lọ́nà. A ní ẹ̀rọ "ń fa" omi. Ìtàn sáyẹ́ǹsì sọ ohun mìíràn.

Láti Ọ̀dọ̀ Galileo dé Ọ̀dọ̀ Périer

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù tó tẹ̀ lé Aristotle gbà pé kò sí àyè òfìfo nínú ìṣẹ̀dá, pé ìdí nìyẹn tí omi fi ń tẹ̀ lé ẹ̀rọ gòkè. Nínú ìwé tí Galileo tẹ̀ jáde ní 1638, ẹnì kan pe oníṣẹ́ láti tún ẹ̀rọ ìfami ṣe. Oníṣẹ́ náà fèsì pé kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ. Omi ìsàlẹ̀ ló ti jìnnà jù. Kò sí ẹ̀rọ irú bẹ́ẹ̀ tó lè gbé omi kọjá bíi mítà 10. Oníṣẹ́ yẹn rí òtítọ́, ṣùgbọ́n àlàyé Galileo fúnra rẹ̀ kò tọ̀nà: ó rò pé omi náà ń já nítorí ìwúwo ara rẹ̀, bí okùn ṣe ń já.

Ní 1644, Evangelista Torricelli ṣàlàyé nínú lẹ́tà kan ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí a da ọ̀pá gíláàsì tó kún fún mẹ́kúrì dojú dé. Mẹ́kúrì náà dúró ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 76. Ó ní afẹ́fẹ́ ìta ló ń tì í sókè. Mẹ́kúrì wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po 13.6, 76 lọ́nà 13.6 sì jẹ́ bíi mítà 10.3. Ní 1648, Florin Périer, ọkọ ẹ̀gbọ́n Pascal, gbé ọ̀pá bẹ́ẹ̀ gun òkè Puy de Dôme ní ilẹ̀ Faransé. Bó ṣe ń gòkè ni mẹ́kúrì ń wálẹ̀.

Ohun tí Èyí Sọ fún Wa

Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni kí ó dín agbára afẹ́fẹ́ inú páìpù kù. Afẹ́fẹ́ orí kànga ni yóò ti omi gòkè. Bí ikùn ẹ̀rọ kò bá ní omi, afẹ́fẹ́ lásán ló ń yí, kò sì lè ṣe iṣẹ́ yìí. Bí páìpù bá sán, afẹ́fẹ́ ń wọlé dípò kí omi máa jò jáde. Níbẹ̀ ni òwe wa ti bá a mu: ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀ lọ.

Nítorí náà, kí a kọ́kọ́ wọn bí omi ṣe jìnnà sí ẹ̀rọ. Lójú iṣẹ́, ó ṣòro láti kọjá mítà 7 tàbí 8. Ní Jos, tó ga tó bíi mítà 1,200, mítà 10.3 yẹn gan-an ti sún wálẹ̀ sí bíi 9. Bí omi bá ń sá kúrò nínú ẹ̀rọ ní òru, kí a wo fáàfù ìsàlẹ̀ páìpù. Ìdọ̀tí lè há sí i. Bó bá ń dáwọ́ dúró lẹ́nu iṣẹ́, kí a fi ìfófó ọṣẹ pa àwọn oríkèé páìpù tó wà níhà kànga: ibi tó bá fa ìfófó wọlé ló sán.

Àgbálọgbábọ̀

A kò ní kí Yorùbá má sọ pé ẹ̀rọ ń fa omi mọ́. Ohun tí a ń bẹ olùkọ́ sí ni kí ó bi akẹ́kọ̀ọ́ pé, "Kí ló ń tì í?" Kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó ń kọ́ni ní Haúsá àti Ìgbò náà yẹ ọ̀rọ̀-ìṣe tiwọn wò. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mọ ìdáhùn yóò yẹ rọ́bà wò kí ó tó ra ẹ̀rọ tuntun.