Ẹsẹ̀ Àtọwọ́dá: Láti Igbóbì dé Satellite Town

Àwọn ọmọ ogun ni wọ́n torí wọn dá ilé ìwòsàn Igbóbì ní Èkó sílẹ̀. Ní 1945, tí Ogun Àgbáyé Kejì parí, àwọn ọmọ Nàìjíríà tó lọ jà ní Bọ́mà ń padà wálé, ọ̀pọ̀ pẹ̀lú ọgbẹ́ àti eegun tó kán. Ìjọba amúnisìn ya ibẹ̀ sọ́tọ̀ kí wọ́n lè tún ara ṣe, kí wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Inú èrò yẹn ni ilé ìwòsàn eegun tí gbogbo Èkó mọ̀ ti jáde: pé ìtọ́jú kì í parí lọ́jọ́ tí ọgbẹ́ bá jinná. Irú ìtọ́jú gígùn bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ ní àdúgbò Satellite Town lónìí nílò kó tó lè rìn.

Ogun ló ti iṣẹ́ ẹsẹ̀ àtọwọ́dá síwájú níbi púpọ̀ láyé. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, Ambroise Paré, oníṣẹ́ abẹ àwọn ọmọ ogun Faransé, ya àwòrán ẹsẹ̀ tó ń ṣẹ́ ní orúnkún. James Hanger pàdánù ẹsẹ̀ tirẹ̀ nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ní 1861, ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ òmíràn, ó sì sọ ọ́ di iṣẹ́ ajé. Ní 1915, wọ́n ṣí ilé ìwòsàn Roehampton ní Lọ́ńdọ̀nù fún àwọn tí ogun gba apá tàbí ẹsẹ̀ wọn.

Èyí tó bá wa lára mu jù wá láti Íńdíà. Ní ìlú Jaipur, ní 1968, Ram Chandra Sharma tó jẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ àti dókítà P. K. Sethi ṣe ẹsẹ̀ onírọ́bà kan. Àwọn èèyàn wọn ń jókòó nílẹ̀, wọ́n ń rìn láìwọ bàtà, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ nínú omi. Ẹsẹ̀ tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun kò gba ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Yorùbá náà mọ ìṣòro yìí. Ta ni nínú wa tí kì í kúnlẹ̀ kí àgbà, tàbí tí kì í dọ̀bálẹ̀? Mùsùlùmí ń ṣe àlùwàlá, ó sì ń kírun lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́. Ẹsẹ̀ tí kò bá gba ìwọ̀nyí, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló máa ń sùn.

Ní Èkó, ogun kọ́ ló ń gba ẹsẹ̀ lọ́dọ̀ wa mọ́. Ọ̀kadà ni, àti tírélà, àti táńkà tó ń lọ gbé epo ní àwọn ibùdó epo Satellite Town lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì. Ìtọ̀ ṣúgà náà ń gba tirẹ̀: ọgbẹ́ kékeré tí kò dun èèyàn á máa jẹ ẹsẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Mi ò ní bu àwọn teguntegun kù, nítorí ọ̀pọ̀ eegun ni wọ́n ti tò tó sì jinná. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi igi àti aṣọ di ẹsẹ̀ pinpin, tí ẹ̀jẹ̀ kò rọ́nà gbà, ẹsẹ̀ náà á kú. Bí ìka ẹsẹ̀ bá ti ń tutù tàbí tó ń dúdú, kí wọ́n tú u kíá, kí wọ́n sì gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn.

Ibi tí wọ́n bá ti gé ẹsẹ̀ ló ń pinnu bí ìrìn yóò ṣe rí. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ ṣì wà kì í tètè rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gé láti itan, ìdí nìyí tí dókítà fi ń jà fún orúnkún. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á máa fi báńdéèjì di ìyókù ẹsẹ̀ kí ó lè fà wọlé. Ìrọ̀rí tí ẹbí ń fi àánú tẹ́ sábẹ́ orúnkún léwu púpọ̀, torí orúnkún á ká, kò sì ní nà mọ́. Kí aláìsàn máa dojú bolẹ̀ sùn fúngbà díẹ̀ lójúmọ́ ló dára jù. Bí ìka ẹsẹ̀ tí kò sí mọ́ bá ń yún tàbí tó ń ta á, kì í ṣe àsàsí. Iṣan àti ọpọlọ ló ń ṣe é, ìtọ́jú sì wà fún un.

Bí ojú ọgbẹ́ bá jinná, oníṣẹ́ ẹsẹ̀ àtọwọ́dá á fi P.O.P. mú àwòṣe ìyókù ẹsẹ̀, á sì ṣe ike tí yóò gbà á. Aláìsàn á kọ́kọ́ rìn láàárín irin méjì, kó tó lọ sórí ọ̀pá, kó tó gun àtẹ̀gùn. Ìyókù ẹsẹ̀ náà á ṣì máa fà sí i, nítorí náà ìbọ̀sẹ̀ tó ń wọ̀ sí i á di méjì, á di mẹ́ta, títí wọn yóò fi pààrọ̀ ike. Alaalẹ́ ni kí ẹni náà máa yẹ awọ rẹ̀ wò, pàápàá nínú ooru Èkó.

Owó àpò ni ọ̀pọ̀ fi ń san gbogbo èyí. Láti Satellite Town, Mile 2 ni wọ́n ń gbà, kí wọ́n tó tún wọ danfó lọ sí ọ̀nà Igbóbì. Ẹni tí ike ń pa lára kò lè fò wọ danfó, nítorí náà kò ní lọ, ẹsẹ̀ á sì di ohun ìpatì. Òfin Èkó ti 2011 àti ti ìjọba àpapọ̀ ní 2019 fẹ́ kí ilé àti ọkọ̀ èrò gba aláàbọ̀ ara, àmọ́ danfó kò tíì gbọ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń kọ́ àwọn oníṣẹ́ ẹsẹ̀ wà ní Igbóbì. Mo fẹ́ kí ìjọba Èkó ya yàrá kan sọ́tọ̀ nínú ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Amúwò-Ọ̀dọ̀fin tí Satellite Town wà, kí oníṣẹ́ ẹsẹ̀ kan àti onífisió kan tó ń kọ́ni ní ìrìn máa wá síbẹ̀ lóṣooṣù, láti tún ike ṣe, láti fi ìbọ̀sẹ̀ kún un, kí wọ́n sì wo bí olúkúlùkù ṣe ń rìn.