Clotilda: ọkọ̀ tí wọ́n dáná sun

Clotilda ni ọkọ̀ ìkẹyìn tí a mọ̀ tó kó ẹrú láti Áfíríkà wá sí Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ onígbòkun olópòó méjì ni. William Foster ló kàn án ní Mobile, Alabama, lọ́dún 1855. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 86.

Láti ọdún 1808 ni òfin ti ka kíkó ẹrú wọ Amẹ́ríkà léèwọ̀. Síbẹ̀, lọ́dún 1860, Timothy Meaher, ọlọ́rọ̀ kan ní Mobile, rán Foster lọ sí Ouidah. Ó kó 110 ènìyàn tí ogun Dahomey mú lẹ́rú. Yorùbá agbègbè Bantè pọ̀ nínú wọn. Wọ́n padà dé ní oṣù keje. Lóru ni wọ́n kó àwọn ènìyàn náà sọ̀ kalẹ̀, Foster sì dáná sun ọkọ̀ náà nínú odò kí ẹ̀rí má bàa sí.

Iná jó òkè ọkọ̀. Ẹrẹ̀ bo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn òmìnira ọdún 1865, àwọn tó kó wá tẹ Africatown dó. Kossola, tí wọ́n ń pè ní Cudjo Lewis, ń sọ ìtàn náà títí ó fi kú lọ́dún 1935. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, Alabama Historical Commission kéde pé a ti rí ọkọ̀ náà. Ó ṣì wà nínú odò.

Ẹ̀yin olórìṣà, láyé ìgbà yẹn náà ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń kó àwọn Lukumí lọ sí Kúbà. Ẹnu àwọn àgbà ló pa ìtàn Clotilda mọ́ kí a tó rí igi rẹ̀. Ẹ bèèrè orúkọ egún ilé yín lọ́wọ́ àwọn àgbà nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè.