Kí ni ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tọ̀sán-tòru, ta ló sì nílò rẹ̀ jù?

Ní Abossey Okai, ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ tó gbajúmọ̀ ní ìlú Accra, lórílẹ̀-èdè Ghana, kò sí oníṣòwò tí kò mọ iṣẹ́ ọwọ́ atọ́ka epo tó wà níwájú awakọ̀. Bí kò bá ṣiṣẹ́, epo lè tán lójú ọ̀nà láìròtẹ́lẹ̀.

Irú ewu bẹ́ẹ̀ wà nínú ara ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ insulin nítorí àtọ̀gbẹ. Ṣúgà rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ jù nígbà tó bá ń sùn, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀.

Àjọ International Diabetes Federation sọ pé àgbàlagbà mílíọ̀nù 589 ló ní àrùn náà lágbàáyé lọ́dún 2024. Ní Korle Bu, ilé ìwòsàn ńlá tí kò jìnnà sí ọjà yìí, ni ibùdó ìtọ́jú àti ìwádìí àtọ̀gbẹ ti orílẹ̀-èdè Ghana wà.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́?

Okùn tín-ín-rín kan ni wọ́n ń tì bọ abẹ́ awọ apá tàbí ikùn. Kì í wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀. Omi tó wà láàrin ẹran ara ló ń yẹ̀ wò ní ìṣẹ́jú kan sí márùn-ún síra, tí yóò sì fi èsì ránṣẹ́ sórí fóònù.

Ṣúgà ń dé inú ẹ̀jẹ̀ kó tó dé inú omi yìí, nítorí náà èsì lè fi ìṣẹ́jú 5 sí 15 pẹ́. Bí ara bá ń gbọ̀n tí òógùn sì ń bọ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ ní kò séwu, ó yẹ kí aláìsàn gún ìka.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yìí ń lo ọjọ́ 10 sí 15. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Eversense 365, tí dókítà ń fi sábẹ́ awọ fún ọdún kan.

Kí ló fi ju ìka gígún lọ?

Ìka gígún ń sọ iye ṣúgà lásìkò kan péré. Ẹ̀rọ yìí ń fi hàn bóyá ó ń gòkè tàbí ó ń sọ̀kalẹ̀, ó sì lè ké láti jí ẹni tó ń sùn.

Ìlànà àgbáyé ọdún 2019 sọ pé kí ṣúgà ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wà láàrin 3.9 sí 10 mmol/L, ìyẹn 70 sí 180 mg/dL, fún bíi wákàtí 17 lójúmọ́. Kò yẹ kó wà lábẹ́ 3.9 tó wákàtí kan.

Ta ló nílò rẹ̀ jù?

Àwọn tó ń lo insulin ni, pàápàá ẹni tí kì í mọ̀ ọ́n lára nígbà tí ṣúgà bá lọ sílẹ̀.

Ìnáwó rẹ̀ kì í tán. Èyí tó ń lo ọjọ́ 14 yóò gba 26 lọ́dún. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká a lè bá dókítà sọ̀rọ̀ láti lo ẹyọ kan, kó fi mọ àsìkò tí ṣúgà rẹ̀ ń yí padà, kó sì máa gún ìka láwọn àsìkò náà.

Bí ṣúgà bá ti wọ abẹ́ 3.9, kí aláìsàn tó lè gbé nǹkan mì mu bíi ìdajì ife ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó ní ṣúgà, kó sì tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Ẹni tó bá ti dákú, ẹ má ṣe fi ohunkóhun sí i lẹ́nu; ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá.