Caen Hill: Ìtàn Ojú Omi Kennet and Avon

Odò méjì ló bí ìtàn yìí. Odò Kennet ń ṣàn lọ sí ìlà oòrùn, ó sì ń bọ́ sínú odò Thames ní Reading. Odò Avon gba Bath kọjá lọ sí Bristol ní ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1723, wọ́n ti tún Kennet ṣe débi pé ọkọ̀ ẹrù ń dé Newbury. Nígbà tó di 1727, ọkọ̀ ti ń rìn láti Bristol dé Bath. John Hore ló ṣe olórí iṣẹ́ méjèèjì. Ṣùgbọ́n òkè ló wà láàárín Newbury àti Bath. Ẹrù tó bá fẹ́ gba orí omi láti Bristol dé London ní láti yí gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ká lójú òkun, níbi tí ìjì ti ń jà, tí ọkọ̀ Faransé sì ń lúgọ de àwọn oníṣòwò lásìkò ogun.

Bristol ìgbà náà jẹ́ èbúté ọlọ́rọ̀. Apá kan nínú ọrọ̀ rẹ̀ jẹ́ owó ẹrú, owó orí àwọn ọmọ Áfíríkà tí ọkọ̀ Bristol kó sọdá òkun. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni pìtàn ìlú náà kó fo èyí dá. Àwọn oníṣòwò ibẹ̀ wà lára àwọn tó ń wá ọ̀nà omi tó já gaara dé London, nígbà tó sì di 1794, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin fọwọ́ sí òfin pé kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Charles Dundas ni alága ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún un. John Rennie, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ni ẹnjiníà.

Máìlì 57, láti Newbury dé Bath, ni iṣẹ́ tó délẹ̀, ṣọ́bìrì àti dígà ni wọ́n sì fi ṣe é. Níbi tí odò Avon ti dí wọn lọ́nà, Rennie fi òkúta kọ́ afárá tí omi àti ọkọ̀ ń gba orí rẹ̀ kọjá. Orúkọ Dundas ni wọ́n fi pè é. Níbi tí òkè kò ti ṣe é yí ká, wọ́n lu ú já. Ní Crofton, wọ́n gbé ẹ̀rọ alágbára ooru kalẹ̀ láti máa fa omi sókè, nítorí kò sí odò kankan tó lè pọn omi dé téńté ọ̀nà náà. Èyí tí wọ́n gbé síbẹ̀ ní 1812, iṣẹ́ Boulton àti Watt, ṣì lè fa omi títí dòní.

Caen Hill, lẹ́bàá ìlú Devizes, ni wọ́n fi parí iṣẹ́, òun ló sì le jù. Láàárín máìlì méjì péré, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ gun òkè tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 237. Àtẹ̀gùn ni Rennie ṣe fún omi níbẹ̀: yàrá omi onígéètì 29, tí 16 nínú wọn tò tẹ̀ léra lórí ìlà kan ṣoṣo, ọ̀kan lókè èkejì. Wọ́n súnmọ́ra débi pé ó ní láti gbẹ́ àwọn adágún ńlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kí omi tí ọkọ̀ ń lò má baà tán. Amọ̀ ibẹ̀ náà ni wọ́n fi yọ bíríkì. Ní ìparí ọdún 1810, ọ̀nà là láti Reading dé Bristol, máìlì 87 àti yàrá omi tó lé ní ọgọ́rùn-ún.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni gígun òkè yìí nígbà náà, iṣẹ́ ọwọ́ náà ló ṣì jẹ́. Ọkọ̀ á wọ yàrá nígbà tí omi rẹ̀ wà nísàlẹ̀, wọn á ti géètì ẹ̀yìn rẹ̀ pa. Ẹnì kan á ki irin ìyípo bọ eyín irin tó wà níbi géètì òkè, á máa yí i, pátákó tó dí ihò omi á sì máa gbéra. Omi á ya wọlé tariwotariwo. Ẹni tó di okùn ọkọ̀ mú gbọ́dọ̀ fún un dáadáa, kí omi má fi ọkọ̀ lu géètì. Igi óákù ni géètì náà, abala méjì tó forí kọ́ra bíi ṣóńṣó ọfà, tí wọ́n kọjú síbi tí omi ti ń bọ̀. Bí omi ṣe ń tì wọ́n ni wọ́n ń le mọ́ra sí i. Kò sí alágbára tó lè ṣí wọn àfi tí omi inú àti tòde bá dọ́gba. Nígbà náà ni atukọ̀ á fẹ̀yìn ti igi gbọọrọ tó yọ jáde lára géètì, á fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, á máa tì. Ní ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni ń ti ògiri ni. Lẹ́yìn náà, géètì á gbà.

Ìgbà 29 ni wọn á ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ń gba wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà. Nítorí pé yàrá kọ̀ọ̀kan gba ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, àwọn tó mọ iṣẹ́ a máa dúró de ara wọn, kí wọ́n lè jọ lo omi, kí wọ́n sì jọ ti géètì. Àáró gan-an nìyẹn.

Láti 1829 títí dé 1843, iná gáàsì ń tàn lórí òkè náà kí ọkọ̀ lè máa kọjá lóru. Ṣùgbọ́n ní 1841, rélùwéè Great Western ti so London pọ̀ mọ́ Bristol. Ohun tí ọkọ̀ omi ń fi ọjọ́ gbáko gbé, ọkọ̀ ojú irin ń fi wákàtí gbé e. Ní 1852, ilé-iṣẹ́ rélùwéè ra ojú omi náà, kò sì ka ìtọ́jú rẹ̀ sí. Ọkà tó gba Caen Hill kọjá lọ sí Newbury ní 1948 ni ẹrù ìkẹyìn. Géètì jẹrà, koríko hù nínú yàrá tí ọkọ̀ ti ń léfòó.

Àwọn ará àdúgbò ló kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1951. Nígbà tí ìjọba fẹ́ ti ọ̀nà náà pa pátápátá, ènìyàn tó lé ní 20,000 buwọ́ lu ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ní 1956. Ẹgbẹ́ náà di Kennet and Avon Canal Trust ní 1962. Wọ́n dáwó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀wẹ̀: wọ́n ń kó ẹrẹ̀, wọ́n ń to bíríkì, wọ́n ń gbé géètì tuntun kọ́. Ní 1970, ẹ̀rọ Crofton tún hó. Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹjọ ọdún 1990, Ọbabìnrin fúnra rẹ̀ wọkọ̀ wá ṣí ojú omi náà ní Caen Hill.

Wọ́n ní odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn. Síbẹ̀ láti 1996, ẹ̀rọ kan ní Foxhangers, nísàlẹ̀ òkè, ń dá omi tí ọkọ̀ ti lò padà sókè, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí omi lò.

Géètì óákù kì í lò ju nǹkan bí ọdún 25 lọ kó tó di èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ pààrọ̀. Gbogbo igi tí Rennie fi ṣe é ti lọ tipẹ́. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń yin ọdún 1810, ẹ jẹ́ kí ìyìn náà kan àwọn tó ń gé igi fún géètì lónìí, àti àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni tó ń bá àlejò ti géètì lórí òkè náà. Ìran kọ̀ọ̀kan ló ń tún ojú omi yìí dá, ìran tó bá sì ká ọwọ́ kò ló máa pàdánù rẹ̀.